Mo Wọ Jákẹ́ẹ̀tì Súnkànmí Lọ Síbi Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀fóró

Ilé Súnkànmí,
Bolton, Canada.
Ọjọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Oyinkán ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì lásán lo ṣì ń mu láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ilé gogoro tí ò ń gbé yẹn? Èmi ìyá rẹ ń kí ọ. Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ewu àpótí onírin tó ń gbé yín lọ sókè lójoojúmọ́ tí ẹ ò mọ ẹni tó ń fa okùn rẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi yóò máa ṣọ́ ọ lórí àjà kẹtàlélógún tí o wà, okùn náà kò ní já mọ́ ọ nínú. Àmín.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Fóònù ilé yìí kò ní àṣírí. Bí mo bá pè ọ́, Gbémisọ́lá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ á tẹ nǹkan kan, ohùn rẹ á gba gbogbo pálọ̀, ọmọ á jí, gbogbo wa á sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ pálọ̀. Olúyọmí tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọ́fíìsì rẹ ní àárín ìlú, ló máa mú un wá fún ọ. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀mejì, bí o bá rí i pé ó ti ṣí, kí o sọ fún mi.

Ọmọ wa Ọláolúwakìítán ti pé oṣù mẹ́ta, ó ti sanra, ọrùn rẹ̀ ti le, èmi ni mo sì ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Gbémisọ́lá ò fẹ́ kí n máa nà án lápá kí n máa nà án lẹ́sẹ̀, ó ní dókítà àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe rí gbọọrọ, ṣé dókítà ló nà án ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde fún wa. Ọmọ dáadáa ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ní ti ibi tí a wà yìí, ìwọ lo wà ní ìlú, abúlé làwa wà. Wọ́n ń pè é ní Bolton, ṣùgbọ́n abúlé ni, torí àká ló pọ̀ níbẹ̀ lójú mi ju ilé lọ. Èyí tó kéré jù nínú àwọn àká náà á gba gbogbo Abà Ìdí-Ìyeyè wa pẹ̀lú oko rẹ̀, mọ́tò gígùn á sì tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ súà. Mo bi Súnkànmí pé iṣu ta ni wọ́n kó síbẹ̀, ó ní kì í ṣe iṣu, ó ní bàtà ni, ìkòkò ni, gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn fi fóònù rà láìfojú rí ni. Mo ní ẹni tó ra bàtà láìfẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, ohun tó bá bá a kó fara mọ́ ọn. Inú àká yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń gbé páálí, ó ń gbé èyí sílẹ̀ ó ń gbé ìyẹn sókè, eruku páálí sì ni mo kà sí ohun tó fún un níkọ́, torí láti ìgbà Kérésì ló ti ń wúkọ́.

Èmi náà ń wúkọ́, o mọ̀, ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe àìsàn, ikọ́ gàrí ni. Kò sí obìnrin tó yan gàrí pẹ́ tí kì í wú u, àmì iṣẹ́ ni, bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe ń le. Mo ti ń wú u kí n tó bí ọ. Kìkì pé àtẹ̀gùn ilé Súnkànmí gùn ju èémí mi lọ. Bí mo bá gùn ún dé àárín, mo máa ń dúró, n ó ṣe bí ẹni tó ń wo fọ́tò ìgbéyàwó wọn tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀. Gbémisọ́lá rò pé mo fẹ́ràn fọ́tò náà ni, ó ti lọ fọ òmíràn fún mi, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé.

Ó dáa, gbé ife tíì yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́yìn ìwàásù, Pásítọ̀ Adégòkè ní àwọn àlejò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Rexdale. Ó ní láti ilé ìlera àdúgbò ni wọ́n ti wá, wọ́n fẹ́ yẹ èémí wa wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ti kíyè sí i pé àwọn ènìyàn wa, àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn àlejò, àwọn tó ń gbé ẹrù nínú àká, àwọn tó ń fọ ilé onílé, a kì í wá sí ọsibítù àfi tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bá ti di baba ńlá. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó dè wá mọ́, pé ṣọ́ọ̀ṣì làwọn ó máa bá wa, mọ́ṣáláṣí làwọn ó máa bá wa, títí kan ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó bá gbé omi tọ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ wá, kò sí ohun tí ó ṣe tí kò dára. Wọ́n gbé tábìlì sí ibi tí a ti máa ń jẹ ìrẹsì, wọ́n sì tan kọ̀m̀pútà.

Súnkànmí ò sí níbẹ̀, ó wà ní ṣíífù. Mo sì ti bá a sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tẹ́lẹ̀, ó ní òun ò ráyè, pé bí ọ̀gá òun bá gbọ́ pé ẹ̀dọ̀fóró òun ní wàhálà, wọ́n lè dín ṣíífù òun kù, bẹ́ẹ̀ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu. Mo ní mo gbọ́. O mọ̀ mí, bí mo bá ti ní mo gbọ́, kò sí ohun tí mo gbọ́.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Láti kékeré rẹ lo ti mọ̀ pé bí ẹnì kan nínú ilé bá ń ṣàìsàn tí kò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ rẹ̀ la máa ń mú lọ, wọ́n á gbàdúrà sí aṣọ náà, ara ẹni tó wà nílé á sì yá. Aṣọ tìrẹ gan-an ni mo gbé lọ lọ́dún tí ìgbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ lọ, nígbà tí n ó fi padà délé, o ti ń jẹ èkuru. Torí náà kò sí ohun tuntun nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jákẹ́ẹ̀tì tí Súnkànmí kọ́kọ́ fi wọ iṣẹ́ àká, èyí tó ní ìlà tó ń tàn yanran lẹ́yìn, ni mo wọ̀ láti ilé lọ́jọ́ náà, mo sì bá wọn tò sórí ìlà. Bí aṣọ bá lè gbé àdúrà lọ fún ẹni tó ni ín, mi ò rí ìdí tí kò fi ní lè gbé èémí rẹ̀ wá.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí n ò ṣe tèmi mọ́ ọn. Kí ni n ó fi ṣe é? Èmi ò ní káàdì ìlera, físà àlejò ni mo fi wọlé, Súnkànmí sì ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé pé kí n máa ṣọ́ ara mi gidigidi, torí bí mo bá fi lè wọ ọsibítù níbí, gbèsè rẹ̀ á ju owó mọ́tò lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ara mi. Bí mo bá tiẹ̀ yọ̀ ṣubú, n ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kankan rí mi.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló ń gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n ti túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Yorùbá nítorí tiwa, Yorùbá náà le bí egungun ẹja gbígbẹ, ṣùgbọ́n mo kà á, mo ṣáà ka ìwé mẹ́fà. Mo kọ orúkọ Súnkànmí. Mo kọ ọdún méjìdínlógójì. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, mo sàmì sí ọkùnrin, torí ẹni tó ni èémí ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ẹni tó gbé e wá. Nọ́ńbà fóònù tèmi ni mo kọ, kí ìròyìn má baà lọ bá a níwájú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mò ń mu sìgá, mo fa igi sí i débi pé ìwé ya. Ọmọbìnrin náà wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí, ó tún wo fọ́ọ̀mù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní orúkọ mi dùn. Àwọn ará Canada yìí mọ ẹ̀kọ́ ilé, wọn kì í já àgbàlagbà nírọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀rọ jẹ́ ọmọ wa, Ayọ̀dàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, Markham ló ń gbé, Yorùbá rẹ̀ ń ṣubú ó ń dìde. Nọ́ńbà ló fi ń pe ènìyàn, kò pe orúkọ, torí èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ó fi nǹkan kan tó dà bí pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ há mi nímú, ó ki páìpù páálí bọ̀ mí lẹ́nu, ó ní kí n fa èémí wọlé dáadáa, kí n sì fẹ́ ẹ jáde láìdúró. Àbẹ́là mẹ́wàá ń jó lójú kọ̀m̀pútà, ó ní kí n fẹ́ gbogbo wọn pa. Mo yọ páìpù lẹ́nu, mo bi í pé ọjọ́ ìbí ta ni. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, kí n ṣáà máa fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí n tì í jáde, kí n tì í, ó ku díẹ̀, kí n má jáwọ́. Oyinkán, ẹni tó pariwo báyẹn mọ́ mi gbẹ̀yìn ni agbẹ̀bí tó gbà ọ́, n ò sì rò pé etí mi tún máa gbọ́ ọ lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Àbẹ́là mẹ́ta péré ló kú. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́ta náà ni. Ojú mi ṣú, mo wá àga jókòó, mo fi ọwọ́ pa apá jákẹ́ẹ̀tì náà, mo ní pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, iṣẹ́ àká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èémí rẹ tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún, nọ́ọ̀sì náà ni, ó ń béèrè Súnkànmí. Mo ní kò sí nílé, èmi ni ìyá rẹ̀, kó sọ ohun tó rí. Ó ní òun ò lè sọ àṣírí aláìsàn fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn! Mo ní inú mi yìí ni wọ́n ti mọ ẹ̀dọ̀fóró náà, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, mi ò sì rí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀ nígbà náà. Ó bẹ̀ mí títí, ó ní òfin ni. Ó ní kí n ṣáà sọ fún un kó tètè wá rí àwọn, kó má ṣe iṣẹ́ agbára títí tó fi máa wá, kó má sì bẹ̀rù, oògùn wà. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí ènìyàn má bẹ̀rù, ẹ̀rù dé nìyẹn. Mo jókòó nílé ìdáná, mo fi ìborùn bo ẹnu kí Gbémisọ́lá má baà gbọ́, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Nọ́ọ̀sì pè lẹ́ẹ̀mejì sí i, mo ní ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Kó tó máa bọ̀, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo ń fún un ní orógbó láràárọ̀, mo ń dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá ra àpò ìrẹsì, èmi ni mo ń gbé e láti inú mọ́tò, bí ó bá jà mo jà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, tó ń pàṣẹ fún un pé kó rìn sí i. Mo ní nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó sinmi, ta ni aago? Nígbà tó ń wẹ̀, mo mú un, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ Ọláolúwakìítán tó ń tàpá láti àárọ̀ di alẹ́, kó ṣáà rí nǹkan kà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, aago náà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù Súnkànmí, ó kí i kú oríire. Súnkànmí sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó dà bíi pé ọjọ́ ogbó ti ń dé sí màámi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan báyìí, yìnyín já bọ́ títí ó fi bo táyà mọ́tò. Mo mọ̀ pé bí Súnkànmí bá jí, òun ló máa kó o, mo sì mọ̀ pé ó máa pa á. Mo jí ṣáájú gbogbo wọn, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, mo mú ṣọ́bìrì. Yìnyín yìí fúyẹ́ lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́. Mo kó o lẹ́ẹ̀kan, mo kó o lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, èémí mi lọ, kò padà. Mo rọra jókòó sínú yìnyín, mo ń wá a. Salahudeen, ará Ìlọrin tó ń gbé ní iwájú ilé wa, ló rí mi láti ojú fèrèsé tó fi kígbe pe Súnkànmí. Súnkànmí sáré jáde lẹ́sẹ̀ lásán nínú yìnyín, ó gbé mi sọ́wọ́ bí ọmọ ọwọ́. Èmi sì ń lù ú láyà, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ mí kalẹ̀, pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lè gbé mi.

Ó bi mí pé ẹ̀dọ̀fóró wo. Kò tún sí ibi tí n ó gbà mọ́, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti jákẹ́ẹ̀tì, ti àbẹ́là, ti nọ́ọ̀sì. Ó pe ibi iṣẹ́ pé òun ò ní lè wá lọ́jọ́ náà, ó gbé mi sínú mọ́tò, ó di ilé ìlera ní Rexdale. Mo ń sọ fún un lọ́nà pé èmi ò ní wọlé, pé mi ò ní káàdì. Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó béèrè káàdì lọ́wọ́ mi? Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ibẹ̀ wà fún ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Ohun tí mo ń sá fún láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí nìyẹn, kò sì sí níbẹ̀.

Ayọ̀dàmọ́lá ní kí Súnkànmí fẹ́ ẹ. Àbẹ́là mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku díẹ̀ kó fẹ́ kọ̀m̀pútà ṣubú. Nọ́ọ̀sì wo ìwé ti tẹ́lẹ̀, ó wo tuntun, ó ní ta ló fẹ́ ti àkọ́kọ́. Mo na ọwọ́ sókè. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aṣọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó yọ gíláàsì, ó nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Súnkànmí ò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ó ní kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, kí n wá fẹ́ ẹ lórúkọ ara mi. Àbẹ́là mẹ́ta. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ikọ́ Súnkànmí jẹ́ ti eruku, kó máa fi nǹkan bo imú níbi iṣẹ́, yóò lọ. Ó ní èmi ni ọ̀nà èémí mi ti dín. Ó ní kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò lè ran ọmọ, kò ní lọ pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn lè dì í mú kó má baà burú sí i.

Oyinkán, mo dìde, mo jó. Mo ní Olúwa, o ṣeun, tèmi ni, kì í ṣe ti ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì rò pé n ò gbọ́ ohun tí òun sọ, ó tún un sọ, mo ní mo gbọ́, mo tún jó. Súnkànmí kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Nígbà tó yíjú padà, mo rí i pé ẹkún ni. Ó dùn mí pé mo jó lójú rẹ̀, n ò rò ó débẹ̀. Ó ní òun á sọ fún ọ, mo ní kó fi sílẹ̀, ẹnu mi ni o ó ti gbọ́ ọ.

Wọ́n fún mi ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ínhélà. Nígbà tí mo délé, mo fín in káàkiri yàrá bí a ṣe ń fín oògùn ẹ̀fọn, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró síta fún ìdajì wákàtí kó tó ṣiṣẹ́. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ yàrá náà ló rí ìwòsàn gbà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́, ó fún mi ní ike roboto kan tí wọ́n ń ki ẹnu ínhélà náà bọ̀, ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa fi ẹnu fà á. Ní báyìí mo ti ń gun àtẹ̀gùn dé òkè láìwo fọ́tò ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé ìlera tún wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, wọ́n so káàdì kan tó ní orúkọ mi mọ́ mi láyà, wọ́n ní kí n máa bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà sá fún àyẹ̀wò. Ìjọba Canada ti fi mí joyè, Àṣàkẹ́, bí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀ máa fi ọ̀wọ̀ sí i. Obìnrin mọ́kànlá ni mo kó dé ìdí ẹ̀rọ, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ ara rẹ̀.

Mo sì bá Ayọ̀dàmọ́lá wí. Mo ní fọ́ọ̀mù yín béèrè sìgá, kò béèrè ààrò. Mi ò mu sìgá rí, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo fi jókòó ti igi tútù nínú àtíbàbà tí kò ní fèrèsé, èéfín ń wọ̀ mí lójú, ó ń wọ̀ mí nímú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní wọ́n máa fi kún fọ́ọ̀mù, òótọ́ ni, mo rí i nínú ti òní. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Ó ní àwọn tí a jọ wà nínú àtíbàbà náà ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe wà?

Mẹ́ta ni wá níbẹ̀, o mọ̀ wá. Èmi, Ìyá Mákindé, àti Ìyá Fọlá tó jẹ́ orogún rẹ̀. Ìyá Mákindé wúkọ́ títí ó fi rù, kò lè rìn dé odò mọ́, ó sì kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo abà sì ní orogún rẹ̀ ló fi ọwọ́ ayé pa á. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè sọ ohun tó pa ẹni tí òun ò yẹ̀ wò, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ikọ́ náà ṣe ń dún. Bó ṣe ń dún láyà rẹ̀ ló ṣe ń dún láyà mi. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, kò sí obìnrin tó bá Ìyá Fọlá jókòó mọ́, òun nìkan ló ń yan gàrí nínú èéfín yẹn, kò tiẹ̀ sí ẹni tó lè gbà á nídìí agbada kó jáde mí. Wàá rò pé mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ níbi òkú, lójú Ìyá Fọlá.

Nítorí náà, ọmọ mi, owó tí o ní o fẹ́ fi ra kóòtù òtútù tuntun fún mi, mi ò fẹ́ kóòtù mọ́. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi kún un. Fi ránṣẹ́ sí Abà Ìdí-Ìyeyè, kí wọ́n fi ra bíríkì, sìmẹ́ǹtì àti páìpù gígùn, kí wọ́n mọ ààrò tí èéfín rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ògiri jáde, kí wọ́n sì la fèrèsé méjì sí àtíbàbà náà. Ìyá Fọlá ni kí o fi owó náà lé lọ́wọ́, má fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí o tó fi ránṣẹ́, pè é lórí fóònù Fọlá ọmọ rẹ̀, kí o kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún mi, bí kò tilẹ̀ rí ọ. N ó pè é fúnra mi lẹ́yìn náà, bí ó bá gbà kí n pe òun. Má sọ fún un pé ara mi ò yá, kó má baà jẹ́ pé àánú ló máa ṣe é. Sọ fún un pé mo jẹ̀bi.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, yóò fún ọ ní ọkọ tó mọ iyì rẹ, yóò jẹ́ kí n wẹ ọmọ tìrẹ náà kí n sì nà án bó ṣe wù mí. Èémí kò ní wọ́n ọ. Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí o fi ẹnu rẹ sọ ohun tí ojú rẹ kò rí nípa ẹnikẹ́ni. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oyèbísí.